Bí Àwòkọ́ṣe Ṣe Gba Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀ Padà

Ẹni tó bá ní òun kò mọ Àwòkọ́ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹni náà kò tíì gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni. Igbákejì ọ̀gá àgbà ni. Dígí tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tóbi ju pátákó ìkọ̀wé kíláàsì mi lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Láàárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ kí ara rẹ̀ nínú dígí, á sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá a lóhùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Àwòkọ́ṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní parí sí, "Ẹ wò mí, kí ẹ kọ́gbọ́n." A wò ó títí. Ikùn la rí, àti fìlà tó ń ga sí i lọ́dọọdún. Àwa tí a jọ ń jókòó nínú yàrá olùkọ́ wá fi oríkì tiwa kún un lẹ́yìn rẹ̀: Àwòkọ́ṣe, àfẹ́sọ́nà dígí, òpó tó dúró gbọn-in tí kò gbé àjà kankan ró, akọ́mọ-má-kọ́-ara-rẹ̀.

Ó fẹ́ràn òwe bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Ohun tó kàn bà á jẹ́ ni pé òun náà ló ń rọ wọ́n. "Àgbà tó bá ń gbọ́n, fìlà rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀." Ẹ má wulẹ̀ wá ìlú tí wọ́n ti ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀. Mo ti bá yín wá a.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà wa sọ pé òun máa fẹ̀yìn tì tí ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ bá parí, oorun dá lójú Àwòkọ́ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ló máa yan ọ̀gá tuntun. Alága wọn, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, ti ránṣẹ́ sí wa: àwọn á wá wo eré tí àwa olùkọ́ máa ń ṣe ní ìparí ọdún, bí eré bá sì ti parí, lórí ìtàgé yẹn náà ni àwọn á ti kéde ẹni tí àga ọ̀gá àgbà kàn.

Èmi ni mo máa ń kọ eré. Èdè ni mò ń kọ́ni, nítorí náà n kì í lè rí ohun tó wọ́ kí n má tọ́ ọ. Eré ọdún yẹn, mo pè é ní *Kànga Bàbá Wa*. Kò le. Bàbá kan kú, ó fi kànga kan sílẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Ní apá kìíní, ẹ̀gbọ́n fi àgádágodo ti ìdérí kànga, ó ń ta omi fún àwọn aládùúgbò. Ní apá kejì, ó lé ìyá tó bí i jáde nítorí pé ìyá bu omi láìsọ fún un. Ní apá kẹta, iná mú ilé rẹ̀, àwọn tó fi omi dù ló sì pọnmi wá pa iná náà. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ máa là, tó máa kúnlẹ̀, tó máa fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Àbúrò ò ní iṣẹ́ púpọ̀. Á kàn gbé korobá kọjá, á sọ gbólóhùn mẹ́ta.

Mo máa ń kọ ọ́ sórí pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì máa ń fa ìlà sí i nídìí: ẹni inú eré tó bá wọlé bó ṣe rí, tó tún jáde bó ṣe rí, ẹni yẹn kì í ṣe ènìyàn. Àga ni.

Àwòkọ́ṣe wọ yàrá olùkọ́ lọ́jọ́ tí mo ń pín iṣẹ́ eré.

"Tísà, èmi ni màá ṣe ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n yìí burú o, Ọ̀gá."

"Ṣé òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú eré?"

"Òun ni, sà."

"Ó ti tán."

Àǹtí Aránṣọ, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ abẹ́rẹ́, gbà láti ṣe ìyá. Tísà Ìṣirò gba àbúrò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún, kò sì fẹ́ wàhálà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá gbólóhùn mẹ́ta ni lóòótọ́, ó tún bi mí bóyá òun lè jókòó sọ wọ́n.

Inú gbọ̀ngàn ńlá la ti ń ṣe ìdánrawò, gbọ̀ngàn náà sì ń mú bí ààrò. Láti ọdún tó kọjá ni fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní òkè àjà ti lọ fún àtúnṣe. Àwòkọ́ṣe ló bá wa ṣètò rẹ̀, kí Ọlọ́run má gbàgbé iṣẹ́ rere rẹ̀. Wáyà nìkan ló kù tó ń fì lókè bí irùngbọ̀n ewúrẹ́. Ìgbà yòówù tí a bá bi í, á ní oníṣẹ́ náà rìnrìn-àjò. Mo rò pé ẹsẹ̀ lásán ni ọkùnrin yẹn fi ń rìn ín.

A bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ó kan ibi tí ẹ̀gbọ́n ti máa ti kànga. Àwòkọ́ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún.

"Tísà, kí ló dé tí mo fi ń ti kànga pa?"

"Torí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi níbẹ̀, sà."

"Èmi?"

"Ẹ̀gbọ́n, sà."

"Ṣé Ìyá Alága máa mọ ìyàtọ̀? Á rí mi, á rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, á ní tí wọ́n bá gbé ilé-ẹ̀kọ́ fún ọkùnrin yìí, á tì í pa mọ́ wọn lórí. Rárá. Kí àbúrò tì í."

Tísà Ìṣirò, tó ti ń tòògbé lórí korobá tó dojú dé, la ojú. "Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni. O ṣì kéré. Wọ́n á ní ọmọdé ló ń ṣe ọ́."

Ọdún méjì ni Tísà Ìṣirò fi jù ú lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó kan ibi tí wọ́n ti máa lé ìyá jáde. Àwòkọ́ṣe na ọwọ́ rẹ̀ sí mi lójú. "Ọwọ́ tí mo fi ń bọ àwọn èèyàn ńlá lọ́wọ́ nìyí. Ṣé òun ni màá wá fi ti ìyá arúgbó?"

Àǹtí Aránṣọ ní, "Ẹ tì mí, Ọ̀gá. Mi ò ní ṣubú."

"Kì í ṣe ti pé o máa ṣubú. Orúkọ mi ló máa ṣubú. Kí àbúrò tì ẹ́."

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó kan ìkúnlẹ̀. Ó ní orúnkún òun kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kí àbúrò kúnlẹ̀.

"Kí wá ni ẹ̀gbọ́n máa ṣe, sà?" ni mo bi í.

"Á máa gbà wọ́n nímọ̀ràn."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?"

"Ṣé ìmọ̀ràn máa ń tán ni?"

Mo gbìyànjú. Ẹ má ní mi ò sọ fún un. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ń dà nù yìí, òun gan-an ni eré. Ẹni tí kò bá níbi tó ti ń bọ̀, kò níbi tó máa dé. Ẹ jẹ́ kó burú, kó lè rí ọ̀nà dára."

"O fẹ́ kí n jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀?"

"Fún ìwọ̀nba wákàtí kan, sà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tísà, ohun tí o mọ̀ kò ju àmì ohùn lọ. Ẹni tí dídára rẹ̀ bá ti pé látilẹ̀, kí ló fẹ́ yí padà sí?"

Òun ló ń pín kíláàsì fún wa, mo sì mọ kíláàsì tó lè pín fún mi. Mo tún eré kọ. Tísà Ìṣirò gba ìwé tuntun, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Gbólóhùn mẹ́ta lẹ sọ fún mi."

"Ọ̀rọ̀ ti yí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù."

Ó ku aṣọ. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n wọ aṣọ ńlá ní apá kìíní, kí ó wọ tó ti ṣá ní ìkejì, kí ó wọ àkísà ní ìkẹta. Àwòkọ́ṣe rán ẹyọ kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: funfun báláú, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣiṣẹ́ sí ní ọrùn.

"Sà, ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ni ní apá kẹta."

"Iná mọ ẹni tó ń jó," ló wí.

Ọjọ́ eré pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun orí fèrèsé. Àwọn òbí ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn. Ìyá Alága àti àwọn ìgbìmọ̀ jókòó níwájú pátápátá, ó di ìnujú funfun ńlá kan mú lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyàwó Àwòkọ́ṣe jókòó sí, ó ti tọ́jú àtẹ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé.

Apá kìíní bẹ̀rẹ̀. Tísà Ìṣirò ti kànga pa. Àwọn aládùúgbò bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pòṣé sí i láti orí fèrèsé. Àwòkọ́ṣe wá yọ nínú aṣọ funfun. Kò wo àbúrò rẹ̀ rárá, Ìyá Alága ló kọjú sí.

"Àbúrò mi," ló wí fún Ìyá Alága, "omi tí a bá tì pa, kọ́kọ́rọ́ ló ń mu ún. Ẹ wò mí, kí ẹ kọ́gbọ́n."

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ẹ ti mọ ẹni náà.

Apá kejì. Àǹtí Aránṣọ bu omi sínú ife kékeré, Tísà Ìṣirò sì yọ sí i. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ìró rẹ̀ sì ń ba èèyàn lẹ́rù. Ó ti ìyá jáde. Ó wá dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó gbé e yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Èmi ò kọ ìyẹn síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Kí n má bí irú ẹ."

Àwòkọ́ṣe wọlé pẹ̀lú ìmọ̀ràn.

"Ẹ sún díẹ̀, sà," ni ohùn ọkùnrin kan wí láàárín èrò, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "A ò rí àbúrò mọ́."

Lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, ó fà mí lápá. "Kí ló dé tó jẹ́ òun ni wọ́n ń wò?"

"Torí ó ń burú sí i, sà."

"Èmi ni mo ti ń dára láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn, sà."

Apá kẹta. Ilé jó, àwọn aládùúgbò gbé korobá dé, iná kú. Tísà Ìṣirò jókòó sínú eérú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ sí i pẹ̀lú korobá tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Orúnkún kan kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ìkejì pẹ́ kó tó dé, nítorí ẹsẹ̀ yẹn, gbogbo wa la sì bá a kúnlẹ̀ lọ́kàn. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè.

"Màámi, ọwọ́ tí mo fi tì yín nìyí. Ẹ fún un níṣẹ́ míì tó máa ṣe."

Èrò dìde. Àtẹ́wọ́ ń bọ́ bí òjò lórí páànù. Ìyá Alága gbé ìnujú rẹ̀, ó nu ojú, ó nu iwájú orí, ó nu ọrùn.

Àwòkọ́ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ funfun rẹ̀ bí òpó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà. Ó rí ìnujú yẹn. Ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ẹni tó ju eegun nù, tó wá bojú wẹ̀yìn tó rí i pé ẹran ṣì pọ̀ lára eegun tí ajá gbé sá.

Ó bọ́ síwájú.

"Dìde, àbúrò mi." Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé. "Kì í ṣe ìwọ lo ti kànga pa."

Tísà Ìṣirò wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Mo gbé èjìká.

"Èmi ni," ni Àwòkọ́ṣe wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ẹni tó ń gbọ́ ara rẹ̀ tó sì ń gbádùn ara rẹ̀. "Èmi ni mo tì í. Mo kàn dì í rù ọ́ ni. Gbé kọ́kọ́rọ́ wá."

Ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tó sì ti kúnlẹ̀ tán, kò ní gbà kí wọ́n gba ohun tó torí ẹ̀ kúnlẹ̀. Tísà Ìṣirò náà dì í mú.

"Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀. Ó ku gbólóhùn kan kí n lọ sílé."

"Mo ní gbé e wá."

Ó já a gbà. Orúnkún tí kò mọ̀ ọ́n ṣe sì balẹ̀ gbì, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn pákó ìtàgé fi dún. "Màámi, èmi ni mo lé yín jáde."

Àǹtí Aránṣọ kò kúrò nínú eré. "Ìwọ kọ́ o, ọmọ mi. Mo mọ ọwọ́ tó tì mí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Alága tún nu ojú. Ìnujú yẹn ló bà á jẹ́. Ó wọ̀ ọ́ lára pé obìnrin náà ń sunkún nítorí òun, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan péré ló kù kí àga ọ̀gá àgbà já bọ́ sí òun lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ inú eré ti tán. Kò pọ̀ látilẹ̀, Tísà Ìṣirò sì ti lò wọ́n tán. Ó wá gbójú sókè bí àwọn tó ń gbàdúrà ṣe ń ṣe, ó ń wá ọ̀rọ̀.

Ohun tó rí lókè ni wáyà mẹ́rin tó ń fì.

"Èmi náà," ni Àwòkọ́ṣe wí, "èmi náà ni mo kó fáànù gbọ̀ngàn yìí lọ."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ó rò pé àánú ló ń ṣe wọ́n, ó fi kún un.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí oníṣẹ́ kankan tó rìnrìn-àjò. Méjì wà ní pálọ̀ mi. Ọ̀kan wà lókè bẹ́ẹ̀dì mi. Ìkẹrin," ohùn rẹ̀ gbọ̀n gidi níbí, "ìkẹrin ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn adìyẹ mi. Ẹ dárí jì mí."

Ó na apá méjèèjì, ó pa ojú dé, ó ń dúró de àtẹ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló dìde. Kò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá wọn," ló wí, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó wà ní ilé ìdáná ara rẹ̀. "Ẹ ní ẹ rà wọ́n ni."

Àwòkọ́ṣe la ojú kan. "Jókòó. Eré ni."

"Ti inú ilé adìyẹ yẹn náà, eré ni? Àná ni mo nu ún."

Orí fèrèsé ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bú. Àwọn òbí gbà á, àwọn olùkọ́ gbà á, ọ̀gá àgbà tó ń fẹ̀yìn tì gan-an fi ìwé ètò bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn tó ń fi ìwé fẹ́ ara wọn láti ọ̀sán wá wo wáyà lókè, wọ́n wo ọkùnrin aláṣọ funfun nílẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín látorí.

Ìyá Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ilé fi rọ̀.

"Tísà tó kọ eré yìí dà?"

Mo jáde.

"Ṣé ti fáànù wà nínú ìwé?"

"Kò sí níbẹ̀, Mà."

"Kí ló wá dé tó fi sọ ọ́?"

"Mà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí ẹni yìí ti máa yí padà. Mi ò mọ̀ pé òkè àjà ló wà."

Ó wo Àwòkọ́ṣe, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Dídìde wá le ju kíkúnlẹ̀ lọ báyìí. "Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn," ló wí fún un, "fún ìyá rẹ."

Àwòkọ́ṣe fún Àǹtí Aránṣọ ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá Alága wá yíjú sí èrò, ó ní òun ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ni ọ̀gá àgbà tuntun, ìgbìmọ̀ sì ti yàn án láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí ó tó jókòó, ó rántí nǹkan kan.

"Lọ́la, kí Igbákejì gbé àkàbà dání wá síṣẹ́."

Ó gbé e wá. Ọkọ̀ ẹrù kan ló kó fáànù náà dé, ìyẹ́ adìyẹ sì lẹ̀ mọ́ ìkẹrin. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló rí iṣẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn. Àwòkọ́ṣe gun àkàbà, fìlà rẹ̀ ń kan àjà, oníṣẹ́ iná dúró nísàlẹ̀ ó ń sọ wáyà tó máa fà fún un. Láti ojú fèrèsé, ohùn kan tí n kò ní dárúkọ olóhùn rẹ̀, nítorí pé ó mọ èdè dáadáa ní kíláàsì mi, ní, "Ẹ wò ó, kí ẹ kọ́gbọ́n."

Èmi ni wọ́n ní kí n di àkàbà mú. Nígbà tó di ìkẹrin, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Tísà, má purọ́ fún mi. Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ yẹn, ìwọ náà rí Ìyá Alága tó ń nu ojú. Ó sunkún, àbí kò sunkún?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú náà wà bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe sì ni iṣẹ́ mi.

"Òógùn ni, Ọ̀gá," ni mo wí. "Ooru ló mú un."